Ìpàdé Tí Ẹ̀wà Bá Wa Parí

Bí ẹ bá da ẹ̀wà olóyin sínú tíréè onírin, ohùn tó máa ń jáde kò jọ ti ẹ̀wà olóò rárá. Olóyin kéré, ó sì máa ń sáré, ohùn rẹ̀ dà bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lórí páànù. Olóò tóbi, ó funfun, ó sì máa ń bọ́ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni tí oorun ṣì wà lójú rẹ̀. Ohùn òkúta kò bá ti èyíkéyìí nínú wọn mu. Kán ló máa ń dún, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, etí tó bá mọ̀ ọ́n á sì ti mọ igun tíréè tó sá sí. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní èyí ní ilé ìwé. Pálọ̀ ilé wa ní Garki ni mo ti fúnra mi kọ́ ọ, lọ́dún tí màmá mi fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ tó ní òun fẹ́ máa kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe ń parí ìpàdé. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka gbogbo ohun tí mo bá rí kà nípa ẹ̀wà, mo sì ti di ẹni tí àwọn ọ̀rẹ́ máa ń pè láti inú ọjà pé kí n fetí sí ẹ̀wà lórí fóònù kí àwọn tó rà á. Mo máa ń fetí sí i. Èmi ni mo máa ń ní kí wọ́n tún un dà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí wọ́n sì ní kí ẹni tó ń ta tòmátì nítòsí dákẹ́ ná.

Ilé wa wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá nínú ilé alájà mẹ́ta kan, kò jìnnà sí ọ́fíìsì tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Dádì la ń pè é, Mọ́mì la sì ń pe màmá mi, torí ọmọ Àbújá ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi Dọlápọ̀: bí ẹ bá fi Yorùbá bá wa sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì la ó fi dáhùn, ọkàn wa á sì balẹ̀ pé Yorùbá la sọ. Ẹni tó ń tún èyí ṣe fún wa ni ìyá tó bí Dádì, tí à ń pè ní Màmá Ìjerò, tó wá bá wa ṣe ọdún Àjíǹde kan tí kò sì rántí ọ̀nà ilé mọ́. Yàrá kan náà ni àwa ọmọ àti òun jọ ń sùn. Nírọ̀lẹ́, ẹ̀rọ omi á máa kùn lẹ́yìn ilé, mẹ́gáàdì á tan rédíò Hausa rẹ̀ lẹ́nu géètì, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò á wúkọ́ títí kó tó gbéra, àwọn ará òkè á sì máa dánrawò orin ṣọ́ọ̀ṣì tí wọn kò mọ̀ ju ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ. Lábẹ́ gbogbo ariwo yìí, àwa á jókòó yí tíréè Màmá Ìjerò ká, a ó máa ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Kò sẹ́ni tí wọ́n yọ sílẹ̀, bí Dádì tilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ́fíìsì dé pẹ̀lú táì lọ́rùn. "Ọwọ́ tí kò bá ṣa ẹ̀wà," Màmá Ìjerò máa ń sọ, "eyín rẹ̀ ni yóò bá òkúta pàdé." Ìdí tíréè yẹn ni wọ́n ti pinnu ilé ìwé tí Dọlápọ̀ máa lọ. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Dádì tí kì í rìn sẹ́yìn, bóyá ká tà á ni o, tàbí ká kàn máa páàkì rẹ̀ síbi tí kò ti ní nílò ẹ̀yìn. A kò tà á. Kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní ìpàdé, Mọ́mì gan-an kò pè é bẹ́ẹ̀, ohun tó sì yà mí lẹ́nu jù lónìí nìyẹn, torí ó ń wá ohun tó wà lábẹ́ imú rẹ̀ kiri inú ìwé.

Iṣẹ́ akọ̀wé ìpàdé ni Mọ́mì ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún ní iléeṣẹ́ ìjọba kan. Ó ní ibi kan náà ni gbogbo ìpàdé tí òun kọ sílẹ̀ ń parí sí: a ó tún pàdé. Lọ́jọ́ kan ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì kó ife tíì rẹ̀ àti bàtà tó máa ń fi pa mọ́ sábẹ́ tábìlì wá sílé. Ó ní òun ti di kọ́nsọ́táǹtì.

"Ìyàwó, jẹ́ kó yé mi," ni Màmá Ìjerò wí. "Àwọn ènìyàn á máa sanwó fún ọ kí o lè ní kí wọ́n dákẹ́?"

"Kì í ṣe kí wọ́n dákẹ́, Màmá. Kí wọ́n sọ ohun tó yẹ ní sísọ, kí wọ́n sì dìde."

"Mo ti ń ṣe ìyẹn fún ọkọ rẹ láti ìgbà tó ti wà ní kékeré. Kò sẹ́ni tó fún mi ní kọ́bọ̀."

"Ẹ ò tíì tẹ káàdì ni, Màmá," Dọlápọ̀ dá a lóhùn.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín pátápátá. Ẹ̀gbọ́n Mọ́mì ọkùnrin, Bùọ̀dá Láńre, ti bá a rí iṣẹ́ sí Èkó, ó tilẹ̀ ti tún yàrá kan ṣe sílẹ̀ dè é nílé rẹ̀. Mọ́mì àti Dádì jọ fẹnu kò sí i pé, bí àsìkò ìsinmi Kérésìmesì bá fi wọlé tí kò tíì sí oníbàárà kan tó pè é lẹ́ẹ̀kejì, á gba Èkó lọ, á sì máa wá wò wá lóṣooṣù. Lẹ́ẹ̀kejì ni àdéhùn wọn. Mọ́mì ní ẹnikẹ́ni lè pe ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, àánú lásán lè mú kó pè é. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, irun mi ni mo kọ́kọ́ rò. Mọ́mì ló ń dì í fún mi. Tó bá lọ, ọwọ́ Dọlápọ̀ ni màá bọ́ sí, Dọlápọ̀ sì máa ń dirun bí ẹni tó ń di ẹrù àjò. Nígbà tó yá ni mo tó rò ó dé orí àwọn nǹkan mìíràn, bíi ta ló máa jí mi láàárọ̀ láìṣí aṣọ ìbora kúrò lára mi, tí mo sì lọ sunkún nínú ilé ìwẹ̀.

Orí wa ni Mọ́mì ti kọ́kọ́ dán iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ó rí i kà níbì kan pé bí ènìyàn bá ń ṣe ìpàdé lórí ìdúró, ọ̀rọ̀ á kúrú. Ó kó gbogbo wa dúró yí tábìlì ká lọ́jọ́ Àìkú kan. Màmá Ìjerò wo àga, ó wo Mọ́mì. "Àlejò tí ẹ kò fẹ́ kó jókòó lẹ máa ń bá sọ̀rọ̀ lórí ìdúró," ó wí. "Ṣé kí n lọ di ẹrù mi?" Ẹ̀bẹ̀ la fi ìyókù ìpàdé yẹn bẹ̀ ẹ́, lórí ìkúnlẹ̀, Dádì sì dọ̀bálẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni Mọ́mì mú ọmọrí ìkòkò àti ṣíbí jáde, ó kó wọn lé mi lọ́wọ́, ó ní bí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni bá ti ń gùn, tí òun bá ṣẹ́jú sí mi, kí n lù ú. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà ni ti ẹni tó ń fi ọṣẹ sílẹ̀ nínú omi. Dádì dìde. Òun ló ń ṣe olóòtú nínú gbogbo ẹgbẹ́ ará ìlú wa ní Àbújá, kò sì lè bèèrè iyọ̀ láìkọ́kọ́ kí àwọn tó wà lórí àga gíga.

"Mo dúró lórí ètò ìkíni tó ti wà nílẹ̀," ó bẹ̀rẹ̀, "ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kí màmá mi, tí kì í bá ṣe ọpẹ́lọpẹ́ wọn—"

Kán.

"Kí n kí ìyàwó mi, alága wa lónìí—"

Kán.

"Kí n sì kí ọmọ mi tó ń lu ìkòkò, torí ọwọ́ rẹ̀ dùn."

A kò mọ ẹni tó ń fi ọṣẹ sílẹ̀ nínú omi títí dòní. Dádì ni mo fura sí.

Bàbá Ẹlẹ́ja ni oníbàárà tí Mọ́mì rí níkẹyìn, orúkọ tí àwa ọmọ sọ ọ́ nìyẹn. Mọ́mì mú mi lọ sí ọjà ẹja ní Kado ní Sátidé kan. A bá ilẹ̀kùn yàrá yìnyín kan ní títì, àwọn obìnrin ti to abọ́ síwájú rẹ̀, oòrùn sì ń na gbogbo wọn. Wọ́n ní àwọn tó ni ibẹ̀ wà ní mítìn-ín. Omi ẹja ń yọ́ jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń gba ẹsẹ̀ wa kọjá lọ sí ojú gọ́tà. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ọkùnrin gíga kan jáde tó wọ súwẹ́tà nínú ooru yẹn, ojú rẹ̀ sì rẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó gbé ẹja náà wá láti inú òkun. Àwọn obìnrin ń na ọwọ́ sí títù àti pàǹlá. Mọ́mì kò bèèrè ẹja kankan.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, kí lẹ fẹnu kò sí?"

Ọkùnrin náà ronú díẹ̀. "A fẹnu kò sí i pé a máa tún pàdé ní Mọ́ńdè."

Ojú Mọ́mì tàn bí ẹni tó rí ìbátan rẹ̀ tó sọnù. Ó sọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe fún un. Bàbá Ẹlẹ́ja fi etí sí i dáadáa, ó ní àbúrò òun méjì ni àwọn jọ ń darí òwò náà, àti pé ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ kan ti ń yọ́ ẹja àwọn láti ìgbà òjò. Ó ní òun á kó wọn wá sí ọ́fíìsì Mọ́mì ní Sátidé tó ń bọ̀. Níbo ló wà? "Garki," Mọ́mì wí. Kò purọ́, àmọ́ nígbà tí a wọ ọkọ̀ padà sílé, ó ń fi ìka ka àga pálọ̀ wa títí a fi dé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni pálọ̀ wa di ọ́fíìsì. A yọ fọ́tò Dọlápọ̀ níbi tó ti wọ aṣọ oyin ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi. A fi aṣọ tábìlì bo fìríìjì, a sì to ìwé ńláńlá lé e lórí kó lè jọ kọ́bọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n bó ṣe máa ń gbọ̀n nígbàkígbà tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn ìwé náà á máa rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí etí. Dádì ní òun á jẹ́ akọ̀wé tó ń gba àlejò. Ó gbé kọ̀ǹpútà tí kò tíì tàn láti ìgbà tí Dọlápọ̀ ti da mílíìkì sí i, ó gbé e kalẹ̀ síwájú ara rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí Mọ́mì gbàgbé ni pé ọjọ́ kejì ìpàdé náà ni ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa, àti pé mọ́ínmọ́ín ẹgbẹ́ àwọn obìnrin wà lọ́rùn rẹ̀. Màmá Ìjerò kò gbàgbé. Ó ti ra ẹ̀wà olóyin lọ́jà Garki, ó kún bàkẹ́ẹ̀tì kan dé etí. Mallam tó wọ̀n ọ́n fún un, múdù lórí múdù, búra pé kò sí òkúta nínú rẹ̀. Màmá Ìjerò ní nígbà tó búra ni òun tó mọ̀ pé òkúta wà níbẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣà á nínú yàrá," Mọ́mì bẹ̀ ẹ́. "Wọn ò gbọdọ̀ mọ̀ pé ilé ni ibí."

"Kí ni kí wọ́n mọ̀ ọ́n sí?"

"Ọ́fíìsì, Màmá."

"Kò burú. Kí wá ni ipò tèmi ní ọ́fíìsì?"

Dọlápọ̀ ní kí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà ẹ̀ka oúnjẹ, Màmá Ìjerò sì gbé tíréè rẹ̀ wọ yàrá pẹ̀lú ìgbéraga ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ga lẹ́nu iṣẹ́.

Wọ́n dé ní Sátidé, wọ́n gba abẹ́ okùn tí a sá aṣọ sí wọlé. Bàbá Ẹlẹ́ja ló ṣíwájú. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Bísí, tẹ̀ lé e, ó há báàgì dúdú kan mọ́ abíyá, kò sì tú apá náà sílẹ̀ rárá. Gbóyè tó jẹ́ àbíkẹ́yìn wọn ló gbẹ́yìn, géńdé ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yá bí ìbọn. Dádì dìde nídìí kọ̀ǹpútà.

"Ẹ káàbọ̀ sí iléeṣẹ́ wa. Ṣé ẹ ní àdéhùn pẹ̀lú ọ̀gá?"

"Àwọn ló ní ká wá," Bàbá Ẹlẹ́ja dáhùn.

"Ẹ fara balẹ̀ jókòó. Ọ̀gá wà nínú ìpàdé pàtàkì kan."

Ohùn Mọ́mì sì dún láti ilé ìdáná. "Dádì Dọlá, ẹ bá mi wo ọbẹ̀ yẹn kó má jóná, mò ń wá bàtà mi."

Ojú kò ti Dádì. Ó tẹ nǹkan sórí kọ̀ǹpútà tó ti kú náà, ó mi orí, ó wá lọ wo ọbẹ̀.

Bàbá Ẹlẹ́ja ló la ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nígbà tí Mọ́mì jókòó. Bàbá wọn tó ti dolóògbé ló dá òwò ẹja náà sílẹ̀, ọwọ́ Àǹtí Bísí ló sì fi kọ́kọ́rọ́ yàrá yìnyín sí kó tó kú. Zuba ni Àǹtí Bísí ń gbé, ó jìnnà sí Kado. Ọkọ̀ tó ń kó ẹja máa ń dé ní ìdájí, ẹja á sì wà níta títí Àǹtí Bísí á fi rí ọkọ̀ wọ̀. Gbóyè tó ń gbé nítòsí ní kí wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ fún òun. Gbogbo ìpàdé ni wọ́n ń sọ ọ́, tí wọn kò sì sọ ọ́ tán rí. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mọ́mì pẹ̀lú ọmọrí ìkòkò lórí itan mi. Mọ́mì ṣàlàyé òfin ọmọrí fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó dára. Wọn kò mọ̀ pé ó ń sọ òótọ́. Bàbá Ẹlẹ́ja dìde, ó ní kí òun kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó mú wọn débẹ̀, Mọ́mì ṣẹ́jú, mo lù ú. Ó jókòó bí ẹni tí àga já bọ́ lábẹ́ rẹ̀. Àǹtí Bísí dìde.

"Mo kí ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n ti ń ṣe bàbá fún wa láti ọjọ́ tí bàbá wa—"

Bóyá Mọ́mì ṣẹ́jú nígbà yẹn, bóyá kòkòrò ló kó sí i lójú, n kò lè sọ. Mo lù ú. Kán.

Fìríìjì gbọ̀n. Ìwé kan já bọ́ lórí rẹ̀.

"Orúkọ bàbá wa lẹ lu ìkòkò sí yẹn?" Gbóyè bèèrè.

"Ọmọdé ni wọ́n fi ń lù mí lẹ́nu," ni Àǹtí Bísí wí, ó tún há báàgì rẹ̀ mọ́ abíyá dáadáa. "Èmi tí mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi."

Mọ́mì ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó bẹ̀ wọ́n, Dádì náà ti ilé ìdáná sáré wá bá a bẹ̀ wọ́n, ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́. Bàbá Ẹlẹ́ja kò bínú, ìyẹn ló tún burú jù. Ó dìde, ó tún súwẹ́tà rẹ̀ ṣe. "Mádàámú, ẹ ṣeun. A máa pè yín." Gbogbo ará Àbújá ló mọ ohun tí "a máa pè yín" túmọ̀ sí. Mo wo ọmọrí ìkòkò tó wà lọ́wọ́ mi. Mo rí Mọ́mì nínú mọ́tò Èkó, mo rí orí ara mi lọ́wọ́ Dọlápọ̀.

Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn yàrá ṣí, tí ọ̀gá àgbà ẹ̀ka oúnjẹ jáde, tíréè kan lórí, òmíràn lápá. Kò wá gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀. "Iná ti lọ," ó wí. "N kò rí òkúta mọ́ nínú yàrá." Ó fìdí kalẹ̀ sórí àpótí nítòsí fèrèsé, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Gbóyè ti wà nílẹ̀ gbalaja. Àǹtí Bísí kúnlẹ̀, Bàbá Ẹlẹ́ja fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orí kan ilẹ̀. Wọ́n kí i kú iṣẹ́, wọ́n kí i kú ilé, wọ́n kí i kú ọmọ, gbogbo kíkí tí a ti fi ọmọrí dé mọ́ wọn nínú, wọ́n tú u sí i lórí, ó sì ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan láìkánjú. Ó bèèrè ilé, ó bèèrè iṣẹ́, ó bèèrè ìlú ìyá wọn. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ẹ̀wà. Ó wá kù kí wọ́n máa lọ. Àmọ́ ta ni ọmọ Yorùbá tí wọ́n kọ́ nílé, tó máa fi arúgbó sílẹ̀ nídìí iṣẹ́ kó gba ẹgbẹ́ rẹ̀ kọjá? Wọ́n dúró, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ ara wọn.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká bá yín mú díẹ̀ níbẹ̀," ni Bàbá Ẹlẹ́ja wí níkẹyìn.

"Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Ẹ sún mọ́ mi."

Bí gbogbo wọn ṣe jókòó sílẹ̀ nìyẹn, lórí kápẹ́ẹ̀tì. Bàbá Ẹlẹ́ja fi gíláàsì sójú. Àǹtí Bísí wo báàgì rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì gbé báàgì náà sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ látàárọ̀. Orí ìkúnlẹ̀ tí Mọ́mì wà náà ló ti rìn dé ìdí tíréè, ó bu ẹ̀wà síwájú, ó ń ṣà. Gbóyè ni kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ń ju ẹ̀wà nù, ó sì ń kó òkúta pamọ́.

"Gbóyè, òkúta lo fẹ́ kí wọ́n sè?" ni Bàbá Ẹlẹ́ja wí.

"Wọ́n jọra, ẹ̀gbọ́n mi."

"Títù àti kóté náà jọra lójú rẹ, ìdí nìyẹn tí àwọn oníbàárà fi ń bú wa."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ohùn ẹ̀wà ń dún, sáà, sáà, òkúta sì ń dún láàárín rẹ̀. Mo ti ronú gan-an lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí. Ẹni tó bá ń ṣa ẹ̀wà olóyin kò lè gbé ojú sókè, torí òkúta pupa inú rẹ̀ àti ẹ̀wà gan-an, àwọ̀ kan náà ni wọ́n ní. Olóò kò rí bẹ́ẹ̀, ènìyàn lè máa ṣa olóò kó sì máa wo ojú àna rẹ̀. Ká ní olóò ni Màmá Ìjerò rà lọ́jọ́ yẹn, mo rò pé Èkó ni màmá mi ì bá wà. Àǹtí Bísí tẹ orí ba, ó ń wá òkúta, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni tó ń bá ẹ̀wà sọ̀rọ̀.

"Kọ́kọ́rọ́ yìí ti sú mi."

Kò sí ọwọ́ tó dúró. "Kí lo wí?" ni Bàbá Ẹlẹ́ja bèèrè, òun náà ń wo tíréè.

"Ó ti sú mi, ẹ̀gbọ́n mi. Láti Zuba, ní ìdájí, nínú ọyẹ́."

"Kí ló dé tí o kò sọ látọjọ́ yìí?"

"Bàbá ló fi lé mi lọ́wọ́. Bí mo bá yọ̀ǹda rẹ̀, àwọn ará ọjà á ní ẹ gbà á lọ́wọ́ mi ni."

"Èmi rò pé ẹ ò fọkàn tán mi ni," Gbóyè sọ.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Oorun rẹ ni n kò fọkàn tán."

"Mo lè máa sùn síbẹ̀."

"Nínú yìnyín?"

"Lẹ́nu ọ̀nà ni mo ní lọ́kàn, Àǹtí mi."

Nígbà tí mo wo tíréè, mo rí i pé ẹ̀wà ti ń tán lọ, ọ̀rọ̀ sì ń dùn bọ̀. Mo dìde láti lọ bu èyí tó kù nínú bàkẹ́ẹ̀tì wá. Mọ́mì fa yẹ̀rì mi.

"Jókòó."

"Ẹ̀wà ṣì kù, Mọ́mì."

"Mo mọ̀. Jẹ́ kó wà níbẹ̀."

Mo wo ojú rẹ̀. Ojú tó máa ń ní nígbà tó bá ń lé eku kiri ilé ni, tó sì ti rí ìrù rẹ̀. Ó yíjú sí àwọn àlejò, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Ẹ̀yin ará, ẹ̀wà wa ń tán lọ." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo wọn wo tíréè, wọ́n rí ibi tó ti ń fi irin hàn, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ wọ́n lára. Kò sẹ́ni tí wọ́n lù lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó lè bínú sí ẹ̀wà. Bàbá Ẹlẹ́ja yára sọ ọ́: Gbóyè ni yóò gba kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n Àǹtí Bísí fúnra rẹ̀ ni yóò fi lé e lọ́wọ́ níṣojú gbogbo òṣìṣẹ́, kó sì sọ fún wọn pé ó wu òun láti fún un. Gbóyè ní òun á tún máa gbé ẹja lọ fún un ní Zuba ní gbogbo Sátidé.

"Èyí tó dì," ni Àǹtí Bísí wí. "Kì í ṣe èyí tó ti yọ́."

"Èyí tó dì, Àǹtí mi."

Màmá Ìjerò gbé tíréè, ó fẹ́ pàǹtí orí rẹ̀ dànù, ó sì fi ọwọ́ gbá a. Kò kù mọ́. Wọ́n dìde. Kò sẹ́ni tó dá ìpàdé mìíràn. Màmá Ìjerò gbàdúrà fún wọn, àdúrà náà gùn dáadáa, ó lọ sí Ìjerò, ó tún bọ̀. Mọ́mì fi ẹsẹ̀ ti ọmọrí ìkòkò wọ abẹ́ àga.

Wọ́n lọ. Òwò wọn ti tò, àmọ́ "a máa pè yín" ṣì wà nílẹ̀ níbi tí Bàbá Ẹlẹ́ja sọ ọ́ sí, kò sì mú un kúrò kó tó lọ. Mọ́mì se mọ́ínmọ́ín títí alẹ́ láìkọrin, ó sì máa ń kọrin tó bá ń se mọ́ínmọ́ín. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn ìkórè, ó ń pín in fún àwọn ènìyàn lábẹ́ igi máńgòrò ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ó wo ojú fóònù, ó nu ọwọ́ sí aṣọ ìró rẹ̀, ó sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Gbogbo wa tẹ̀ lé e. A ṣe bí ẹni pé ìbòòji là ń wá.

"Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi, sà," ó wí. "Àǹtí Bísí àti Gbóyè náà ńkọ́?" Ó mi orí. "Ti àwọn awakọ̀ tó ń kó ẹja? Ní Sátidé yìí, ní Kado?" Ó di ẹ̀ka máńgòrò mú. "Màá wá, sà. Rárá, ẹ má ra ìrẹsì. Ìrẹsì òde òní kò ní nǹkan tí wọ́n lè ṣà nínú rẹ̀, wọ́n á kàn máa wo ara wọn lójú. Ẹ̀wà olóyin ni, sà, ẹ sì bèèrè èyí tó ní òkúta. Múdù kan ti tó, ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ kò ju ìyẹn lọ." Ó fetí sílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ wọn ti pẹ́ tó ọdún bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ kó di múdù méjì."

Nígbà tó gbé fóònù kúrò létí, kò wò wá. Ó tẹ nọ́ńbà mìíràn. "Bùọ̀dá mi, ẹ ṣeun gan-an fún yàrá yẹn," ó wí. "Ẹ gbé ẹlòmíràn sí i." Mo fi orí gbá a níkùn, ó sì fi ọwọ́ tí mọ́ínmọ́ín wà lára rẹ̀ di irun mi mú.

Màmá Ìjerò ti ń ronú. "Ìyàwó," ó wí, "ẹ̀wà tí wọ́n bá wá ṣà tán ní Kado yìí, ta ló máa sè é?"

Ó hàn pé Mọ́mì kò tíì rò ó débẹ̀. Ó yíjú sí Dádì. Gbogbo wa yíjú sí Dádì. Dádì sì ti tẹjú mọ́ inú awo mọ́ínmọ́ín rẹ̀ bí ẹni tí òrùka rẹ̀ já bọ́ síbẹ̀.